Lọ́yà Ọ̀fẹ́: Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ní kí ìjọba gba agbẹjọ́rò fún ẹni tí ìjọba ń bá ṣẹjọ́

Láti Ṣàrẹ́, nílẹ̀ Ìgbómìnà, ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe. Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn kíkà ju gbígbọ́ lọ, àti ẹ̀yin tí dátà yín ò tó gbọ́ ohùn, ọ̀rọ̀ tí mo sọ lórí ètò ọ̀sẹ̀ yìí ló wà nísàlẹ̀ yìí. Mo kàn tún un tò díẹ̀ kó lè rọrùn láti kà lórí fóònù ni.

Ẹ jẹ́ n bi yín ní ìbéèrè kan. Bí wọ́n bá mú yín lọ sí téṣàn lálẹ́ òní, lọ́yà wo lẹ máa pè?

Gbogbo wa la ní nọ́ńbà ẹni tó ń tún fóònù ṣe. A ní ti ẹni tó ń ta dátà, a ní ti ọlọ́kadà tó ń gbé wa lọ sọ́jà. Nọ́ńbà lọ́yà ńkọ́? Ẹ má sì rò pé olè nìkan lọ̀rọ̀ téṣàn kàn. Ẹ ra fóònù àlòkù lọ́wọ́ ẹnì kan tẹ́ ò mọ̀ délé. Lẹ́yìn oṣù méjì, àwọn ọlọ́pàá tọpa fóònù náà dé ọ̀dọ̀ yín, wọ́n ní wọ́n jí i ni. Ẹ yá owó, owó ò tètè yọ, ni ẹni tẹ́ ẹ jẹ lówó bá lọ mú ọlọ́pàá wá. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ níbi ayẹyẹ, wọ́n kó gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀, tẹ̀yin tí ẹ jókòó jẹ́jẹ́ tí ẹ ń jẹ ìrẹsì. Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ibi tó lè parí sí kò dára rárá. Nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n ilẹ̀ Nàìjíríà, bí ẹ bá ka ẹlẹ́wọ̀n mẹ́ta, nǹkan bíi méjì nínú wọn ni ilé ẹjọ́ kò tíì dá lẹ́bi. Wọ́n ń dúró de ìgbẹ́jọ́ ni. Àwọn kan ti dúró pẹ́ débi pé, ká ní wọ́n tètè dá wọn lẹ́bi, wọn ì bá ti ṣẹ̀wọ̀n ọ̀hún tán kí wọ́n sì ti padà sílé. Ohun tó dá ọ̀pọ̀ wọn dúró síbẹ̀ kò ju pé wọn ò lówó lọ́yà, wọn ò sì rí onídùúró.

Àwọn àgbà wa ní agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà ni. Adájọ́ lè fẹ́ gbọ́ tẹnu ẹni méjèèjì lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ní lọ́yà tó mọ gbogbo kọ́lọ́fín òfin, tí ẹnì kejì dúró síbẹ̀ tí ò mọ ohun tó yẹ kóun sọ, ẹjọ́ ẹnìkan náà ni wọ́n ṣì gbọ́. Ọ̀rọ̀ tá a fẹ́ jíròrò lónìí nìyẹn: báwo ni ẹni tí kò lówó ṣe lè rí ẹni bá a rojọ́?

Mo fẹ́ gba inú ìtàn ọ̀jọ̀gbọ́n òfin kan ṣàlàyé rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ò ṣàjèjì sí yín: Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò. Mo ti ń gbọ́ ohùn ẹnì kan tó ń sọ pé òṣèlú tún dé. Rárá o. Ẹ gbé Àbújá sílẹ̀ ná, ẹ gbé ẹgbẹ́ yòówù tẹ́ ẹ lè máa ṣe sílẹ̀. Iṣẹ́ tó ṣe kó tó di igbákejì ààrẹ la fẹ́ sọ, pàápàá èyí tó ṣe ní Èkó láàrin 1999 sí 2007.

Olùkọ́ òfin ẹ̀rí

Wọ́n bí i ní Èkó ní oṣù kẹta ọdún 1957, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ni. Ó kẹ́kọ̀ọ́ òfin jáde ní Yunifásítì Èkó ní 1978, ó di lọ́yà ní 1979, ó sì gboyè kejì ní London School of Economics ní 1980. Ní 1981, ó padà sí Yunifásítì Èkó, ó di olùkọ́ níbẹ̀. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ọmọ ọdún 24 ni, bíi ti ọ̀pọ̀ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí.

Lára ohun tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni òfin ẹ̀rí, ó sì kọ ìwé lé e lórí. Òfin ẹ̀rí ló ń sọ ohun tí ilé ẹjọ́ lè gbà gbọ́ àti ohun tí kò gbọ́dọ̀ gbà. Ṣé ilé ẹjọ́ lè gba ìwé tí afurasí fọwọ́ sí ní téṣàn? Bí wọ́n bá lù ú kó tó fọwọ́ sí i ńkọ́? Ta ló máa fi hàn pé wọ́n lù ú? Ẹ fi ìbéèrè yẹn pa mọ́, torí a máa padà sí i.

Láti 1988, ó ṣe olùdámọ̀ràn fún Bọ́lá Ajíbọ́lá tó jẹ́ mínísítà ètò ìdájọ́ nígbà náà, ẹni tó padà di adájọ́ ní Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé. Nígbà tó di 1997, Ọ̀ṣínbàjò ti di olórí ẹ̀ka tó ń kọ́ni ní òfin tó kan ìjọba àti aráàlú ní yunifásítì rẹ̀. Ní 1999, ìjọba alágbádá dé, wọ́n sì fi í ṣe Kọmíṣọ́nnà fún Ètò Ìdájọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí ipò yẹn jẹ́. Kọmíṣọ́nnà ètò ìdájọ́ ni lọ́yà ìjọba ìpínlẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni àwọn agbẹjọ́rò tó ń gbé afurasí apànìyàn, olè àti ajínigbé lọ sílé ẹjọ́ wà. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè fún un lágbára láti bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ ọ̀daràn, láti gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíì, àti láti dá a dúró. Ní kúkúrú, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti rí i pé wọ́n dá ọ̀daràn lẹ́bi.

Ohun tó wà nílẹ̀ kó tó dé

Ọ̀rọ̀ lọ́yà ọ̀fẹ́ ò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ o. Ní 1974, àwọn lọ́yà kan, Chimezie Ikeazor, Solomon Lar àti Débọ̀ Àkàndé wà lára wọn, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti máa bá àwọn tí kò lówó rojọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n pariwo títí ìjọba ológun fi ṣe òfin ní 1976 tó dá Legal Aid Council sílẹ̀. Àjọ yẹn ṣì wà títí dòní, òfin ọdún 2011 ló ń ṣiṣẹ́ lé lórí báyìí. A máa padà sọ́dọ̀ wọn.

Gàní Fawẹ̀hinmi náà wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi bọ́ǹbù inú lẹ́tà pa Dele Giwa oníròyìn ní oṣù kẹwàá ọdún 1986, Gàní ló ní òun fẹ́ gbé àwọn tóun fura sí lọ sílé ẹjọ́. Wọ́n ní kí ló kàn án níbẹ̀? Ó bá ọ̀rọ̀ náà dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ, wọ́n sì dá a láre ní 1987 pé ọ̀rọ̀ ìwà ọ̀daràn kan gbogbo ọmọ ìlú. Ohun tí wọ́n ń pè ní ẹjọ́ nítorí aráàlú nìyẹn: ẹnì kan lọ sí kóòtù, ilẹ̀kùn ṣí fún ẹgbàágbèje èèyàn tí kò débẹ̀.

Ṣùgbọ́n Gàní ò lè wà ní gbogbo téṣàn. Bó ti wù kí ẹnì kan ṣàánú tó, ilẹ̀ á ṣú bá a, àárẹ̀ á sì mú un. Gàní fúnra rẹ̀ ti kú láti 2009. Bí lọ́yà ọ̀fẹ́ bá jẹ́ àánú ẹnì kan, ẹni tó mọ̀ ọ́n ló máa jàǹfààní rẹ̀. Àtúnṣe tí Ọ̀ṣínbàjò fẹ́ ṣe nìyẹn.

Ìjọba ń bá ìjọba ṣẹjọ́

Ní ọdún 2000, ìjọba Èkó dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀, Office of the Public Defender, tí gbogbo èèyàn ń pè ní OPD. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń san owó oṣù àwọn lọ́yà tó wà níbẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni láti lọ sí téṣàn, sí ọgbà ẹ̀wọ̀n àti sí kóòtù, kí wọ́n máa gbẹjọ́ àwọn tí kò lówó rò lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ wò ó dáadáa. Nínú kóòtù kan náà, lórí ẹjọ́ kan náà, lọ́yà ìjọba dìde, ó ní ọkùnrin yìí jalè. Lọ́yà mìíràn dìde, ìjọba kan náà ló ń sanwó oṣù tiẹ̀, ó ní ọkùnrin yìí ò jalè. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá sọ èyí fún wọn. Wọ́n á ní ṣé owó ìjọba pọ̀ jù ni?

Kò pọ̀ jù. Ìjọba ní ọlọ́pàá, ó ní ọgbà ẹ̀wọ̀n, ó ní lọ́yà, ó tún ní agbára láti tì yín mọ́lé. Ẹni tí wọ́n mú ò ní ju ẹnu rẹ̀ lọ. Bí ẹnì kan ò bá sí lápá ọ̀dọ̀ rẹ̀ tó lè béèrè pé ẹ̀rí dà, àṣìṣe ọlọ́pàá kan lè di ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá fún aláìṣẹ̀. Ẹni tó jalè gan-an á sì máa rìn kiri láàrin ọjà. Nítorí náà, lọ́yà ọ̀fẹ́ ń ṣe ẹni tí wọ́n jà lólè náà láǹfààní.

Ọ́fíìsì kejì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó láàárín ìgbà yẹn ni Citizens' Mediation Centre, ní 1999. Ìlàjà niṣẹ́ tiwọn. Onílé àti ayálégbé, tọkọtaya, ẹni tó jẹ gbèsè àti ẹni tó yá a lówó, wọ́n lè lọ síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n jókòó, kí ẹni tó mọ̀ nípa ìlàjà bá wọn dá sí i. Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí àwa ará Ṣàrẹ́ rárá. Bí baálé ilé ṣe máa ń ṣe é nìyẹn kí lọ́yà tó dáyé. Àwa la sọ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ohun tí ìjọba Èkó fi kún un ni pé àdéhùn náà wà lákọsílẹ̀, ẹni méjèèjì sì fọwọ́ sí i.

Ó wá kan ìbéèrè tá a fi pa mọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ní 2007, ọdún tó lò kẹ́yìn ní ọ́fíìsì, Èkó ṣe òfin tuntun lórí ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn. Òfin náà sọ pé bí afurasí bá fẹ́ jẹ́wọ́ fún ọlọ́pàá, kí wọ́n ká a sórí fídíò, tàbí kó sọ ọ́ níwájú lọ́yà. Ẹ rí bí olùkọ́ ẹ̀rí ṣe ronú: dípò kí adájọ́ máa jókòó láti mọ̀ bóyá wọ́n lu ẹnì kan lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ kúkú gbé kámẹ́rà síbẹ̀. Òfin yẹn tún sọ pé ọlọ́pàá kò gbọ́dọ̀ mú èèyàn dípò ẹlòmíì. Ní 2015, ìjọba àpapọ̀ náà ṣe òfin tirẹ̀ tó jọ èyí, àwọn ìpínlẹ̀ sì ń tẹ̀ lé e ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Mi ò ní purọ́ fún yín pé ibi gbogbo ti dán. Ọgbà ẹ̀wọ̀n Èkó ṣì kún fọ́fọ́. Òfin wà nílẹ̀, kámẹ́rà ò sí ní ọ̀pọ̀ téṣàn. Ẹ tún wo ẹjọ́ owó ìjọba ìbílẹ̀: ní 2004, ìjọba àpapọ̀ dá owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Èkó dúró torí pé Èkó dá àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tuntun sílẹ̀. Ìjọba Èkó, tí Ọ̀ṣínbàjò jẹ́ kọmíṣọ́nnà ètò ìdájọ́ rẹ̀, gba Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ lọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, wọ́n ní ààrẹ ò lágbára láti dá owó náà dúró. Síbẹ̀, ààrẹ mìíràn ló dé ní 2007 kí wọ́n tó san owó yẹn tán. Ọ̀tọ̀ ni kí kóòtù dáni láre, ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n ṣe ohun tí kóòtù wí.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà wọ̀ ọ́

Ọ̀ṣínbàjò nìkan kọ́ ni ọ̀jọ̀gbọ́n tó ronú báyìí. Ernest Ojukwu, tóun náà jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n òfin, ṣáájú àwọn tó dá ẹgbẹ́ NULAI sílẹ̀ ní 2003. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni láti da ẹ̀kọ́ òfin pọ̀ mọ́ iṣẹ́: kí yunifásítì ní ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin ti ń gba aráàlú nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́, tí olùkọ́ wọn sì ń ṣọ́ wọn. Law clinic ni wọ́n ń pe irú ibẹ̀. Ẹ wò ó bí ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ dókítà ń tẹ̀ lé ọ̀gá rẹ̀ yípo wọ́ọ̀dù.

Ní Yunifásítì Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúyẹmisí Bámgbóṣé dá tiwọn sílẹ̀ ní 2007 fún àwọn obìnrin: ìyàwó tí ọkọ ń lù, opó tí wọ́n fẹ́ gba ogún mọ́ lọ́wọ́, ìyá tí bàbá ọmọ ò fún lówó oúnjẹ. Yunifásítì Ìlọrin tó wà nítòsí wa náà ní law clinic. Nítorí náà, bí ẹ bá ní ọ̀rẹ́ tàbí àbúrò tó ń kẹ́kọ̀ọ́ òfin níbẹ̀, ẹ ti mọ ẹni tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ bi.

Àwa tá a wà ní Ṣàrẹ́ ńkọ́?

OPD ti Èkó ò lè gbẹjọ́ yín rò ní Kwara. Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan wọ̀nyí dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya àwòrán ibi yìí sórí fóònù yín.

Èkíní, ẹ lè dákẹ́. Apá 35 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè sọ pé ẹni tí wọ́n mú lè kọ̀ láti dáhùn ìbéèrè títí yóò fi bá lọ́yà tàbí ẹlòmíì tó bá wù ú sọ̀rọ̀. Ẹ sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ má fi ìbínú sọ ọ́: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ bá lọ́yà mi sọ̀rọ̀ kí n tó kọ nǹkan kan."

Èkejì, láàárín wákàtí 24, wọ́n gbọ́dọ̀ fún yín ní ìwé tó sọ ìdí tí wọ́n fi mú yín, ní èdè tẹ́ ẹ gbọ́. Bí Yorùbá lẹ gbọ́, Yorùbá náà ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní kóòtù: bẹ́ ò bá gbọ́ èdè tí wọ́n ń sọ níbẹ̀, apá 36 ní kí wọ́n wá ògbufọ̀ fún yín láìgba kọ́bọ̀.

Ẹ̀kẹta, bí kóòtù tó lè gbọ́ ẹjọ́ náà bá wà láàárín 40 kìlómítà, ọjọ́ kan ni wọ́n ní láti fi gbé yín débẹ̀. Bó bá jìnnà jù bẹ́ẹ̀, ọjọ́ méjì ni, tàbí iye ọjọ́ tí kóòtù bá rí i pé ó bọ́gbọ́n mu.

Ẹ̀kẹrin, gbèsè kì í ṣe ìwà ọ̀daràn. Òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020, tó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo Nàìjíríà, sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ mú èèyàn kìkì nítorí gbèsè tàbí àdéhùn tó yẹ̀. Ó tún sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ mú màmá yín tàbí àbúrò yín dípò yín. Bí wọ́n bá sì ní kẹ́ ẹ sanwó bélì, ẹ rántí pé ọ̀fẹ́ ni bélì ní téṣàn.

Ẹ̀karùn-ún, Legal Aid Council ní ọ́fíìsì ní olú-ìlú gbogbo ìpínlẹ̀. Tiwa wà ní Ìlọrin. Ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò bá ju owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba fọwọ́ sí ló lẹ́tọ̀ọ́ sí ìrànlọ́wọ́ wọn. Láti 2024, ₦70,000 ni owó yẹn. Ẹ wo ara yín, ẹ wo ọlọ́kadà, ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, ẹni tó ń ta ẹ̀wà. Mélòó nínú wa ló kọjá iye yẹn lóṣù? Wọ́n ń gba ẹjọ́ bí olè jíjà, ìjà tó dọ́gbẹ́, ìpànìyàn, àti ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn tí wọ́n tẹ̀ lójú. Àwọn agùnbánirọ̀ tó jẹ́ lọ́yà sì wà lára àwọn tó ń bá wọn ṣiṣẹ́, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí ẹni tó máa gbẹjọ́ yín rò jẹ́ ẹgbẹ́ yín.

Mo mọ ohun tí ẹnì kan fẹ́ sọ: "Láti Ṣàrẹ́ dé Ìlọrin, ta ló máa sáré yẹn lálẹ́?" Òtítọ́ ni. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn mí nìyẹn. Òfin ti sọ pé lọ́yà wà fún wa, ṣùgbọ́n ẹni tó wà lẹ́yìn káńtà ní téṣàn, tí wọ́n ti gba fóònù rẹ̀, kò lè lọ wá a. Ẹni tó wà níta ló máa bá a lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́ fún ẹ̀yin tó wà níta. Bí wọ́n bá mú ará ilé yín, ẹ kọ orúkọ téṣàn, ọjọ́, aago àti ẹ̀sùn sílẹ̀, kí ẹ sì gba Ìlọrin lọ láàárọ̀ kùtùkùtù, kí wọ́n tó ní kó fọwọ́ sí ìwé tí kò lè kà.

Ọ̀jọ̀gbọ́n wa lo ọdún mẹ́jọ gẹ́gẹ́ bíi kọmíṣọ́nnà láti fi hàn pé ìjọba lè gbé èèyàn lọ sí kóòtù, kó sì tún gba lọ́yà fún un, kí ilé má sì wó. Ìpínlẹ̀ mìíràn lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹni tó fẹ́ ṣojú wa ní Ìfẹ́lódùn bá tún wá tọrọ ìbò, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti béèrè ọ̀nà àti omi, ẹ bi í pé: ní téṣàn ibí yìí, lọ́yà ọ̀fẹ́ dà?

Ó dìgbà kan ná. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí gúrúùpù WhatsApp ẹbí yín, pàápàá èyí tí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tó ń ra fóònù àlòkù pọ̀ sí. Bí ìbéèrè bá wà, ẹ gba ohùn yín sílẹ̀ kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí wa, a máa wá lọ́yà tó máa dáhùn rẹ̀ lórí ètò. Ire o.